Lẹ́tà Márùn-ún, Ìtumọ̀ Dà?

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń sanwó lẹ́sìn, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá wí lónìí, ẹ má bínú sí mi. Bí ẹ bá dé Igbókọ̀dá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì bá ń gúnlẹ̀ tí ọjà ẹja sì ń túká, ẹ ó gbọ́ ohùn àwọn ọmọdé tí wọ́n ń ké bí ọmọ kéú. Kì í ṣe kéú o. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Tíṣà á pariwo pé, "Ọ̀rọ̀ lẹ́tà márùn-ún tí O àti A wà nínú rẹ̀!" Àwọn ọmọ á dáhùn pé, "KOALA! TOPAZ! LLANO!" Tíṣà á ní ìtumọ̀ ńkọ́? Wọ́n á ka ìyẹn náà láìmí: ẹranko kan ní Australia, òkúta olówó iyebíye kan, pápá gbalasa ní South America. Mo bi ọmọbìnrin kan pé kí ló ń jẹ́ pápá gbalasa. Ó wojú mi, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Níbo ni ọmọ tí wọ́n bí sórí omi ti fẹ́ rí pápá gbalasa?

Kí àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n ń ta Scrabble má tíì máa wá mi kiri. N kò bá ayò yẹn jà. Ní November 2015, ní ìlú Perth ní Australia, Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, di ẹni àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó gba ife-ẹ̀yẹ Scrabble àgbáyé. Ó na Lewis Mackay ará England ní 4 sí òdo, FELTY tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lẹ́tà márùn-ún sì wà lára ohun tó fi nà án, àmì 36 ló mú wọlé. Orí ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn ọmọ wa ti ṣírò rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ gígùn máa ń ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún ọ̀tá, ó sì máa ń gba gbogbo lẹ́tà rere tó wà lọ́wọ́ ẹni, nítorí náà wọ́n fi ojú sí àwọn kúkúrú, pàápàá àwọn ẹlẹ́tà márùn-ún. Ọgbọ́n gidi nìyẹn, mo kí wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èkejì. Ní 2015 yẹn kan náà, Nigel Richards, ọmọ New Zealand, gba ife-ẹ̀yẹ Scrabble àgbáyé ti èdè Faransé. Ọkùnrin yìí kò gbọ́ Faransé! Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló fi há ìwé atúmọ̀ èdè wọn sórí, ó sì nà wọ́n ní èdè ìyá wọn. Ní 2024 ó tún lọ ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn elédè Spéènì ní Spéènì níbẹ̀. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Pátákó Scrabble kì í bi ẹnikẹ́ni ní ìtumọ̀. Bí lẹ́tà bá ti pé, àmì ti wọlé. Ayò ni, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn kan sọ ohun tí à ń fi ta ayò di ẹ̀kọ́, wọ́n ń gbowó rẹ̀, ẹ sì ń san án.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí O àti A yẹn gan-an. Ṣé KOALA nìkan ló ní lẹ́tà márùn-ún ni? OCEAN ńkọ́? Òkun nìyẹn. COAST ńkọ́? Etíkun tí ọmọ náà ń sùn sí, tó ń jí sí. CANOE, ọkọ̀ onígi tí ìyá rẹ̀ ń fi àjẹ̀ wà lọ sọ́jà. FLOAT, kí nǹkan léfòó, ọmọ Ìlàjẹ wo ni kò tíì rí ohun tó léfòó sára àwọ̀n? SHOAL ló wá dùn mọ́ mi jù. Ìtumọ̀ méjì ló ní: ọ̀wọ́ ẹja tó ń rìn pọ̀, àti ibi tí omi kò jìn tí ọkọ̀ lè fẹnu gúnlẹ̀ sí. Ọmọ apẹja mọ méjèèjì láti kékeré, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ló kù kó gbà, kò sì ní gbàgbé rẹ̀ títí ayé. Wọn ò kọ́ ọ. TOPAZ ni wọ́n kọ́ ọ.

Ẹ tún wo SURGE, FLOOD àti ERODE, márùn-ún márùn-ún ni wọ́n. Ní Ayétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti jẹ ilé, ó ti jẹ títì, ó ti jẹ ilẹ̀ òkú. Wọ́n gbé iṣẹ́ ìdènà òkun náà fún agbaṣẹ́ṣe ní 2004, wọ́n tún gbé e ní 2009, òkun kò sì tíì rí ohun tó dá a dúró. Ọmọ tó ti gbé ẹní orí rẹ̀ sá fún omi lóru, ẹni tó bá kọ ERODE síwájú rẹ̀, ṣé ó nílò kó há ìtumọ̀ sórí? Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó kọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì sí ìjọba fúnra rẹ̀.

Ẹ óò ní Gẹ̀ẹ́sì ni WAEC ń béèrè. Òótọ́ ni, èmi náà kò ní kí wọ́n má kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní Mọdákẹ́kẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí olùkọ́ tó mọṣẹ́ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tó kù lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ wá gbà pé kí èdè ìyá jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní November 2025, ní Àkúrẹ́ tiwa níbí, ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè fagi lé e. Mínísítà, Tunji Alausa, ní ibi tí wọ́n ti ń fi èdè ìbílẹ̀ kọ́ni jù ni wọ́n ti ń fìdí rẹmi jù nínú WAEC, NECO àti JAMB. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ ná: ọmọ tó wọ kíláàsì kìíní ní 2023, kíláàsì kẹta ló máa wà ní 2025. Ọjọ́ wo ló kọ WAEC tó fìdí rẹmi?

Ti Yorùbá inú ìwé gan-an tún wà níbẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í fi u bẹ̀rẹ̀. Kí ni kí ọmọ Ugbò ṣe? Nínú Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ ìlú rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà mẹ́rin. Nínú Yorùbá ó jẹ́ mẹ́ta, torí pé lẹ́tà kan ni gb. Ìwé sì tún ń sọ fún un pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí. Nítorí náà, bí mo ṣe ń pariwo èdè ìyá yìí, Ìlàjẹ tí ìyá ọmọ náà ń sọ nínú ilé wà lára ohun tí mò ń wí.

Tíṣà lẹ́sìn tó bá fẹ́ kọ́ wọn ní SHOAL, kó kó wọn lọ sí èbúté láàárọ̀ Sátidé, kó bẹ apẹja kan kó sọ fún wọn ní Ìlàjẹ ibi tí omi ti máa ń fà àti bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ọ̀wọ́ ẹja ń bọ̀, lẹ́yìn náà kó wá kọ lẹ́tà márùn-ún náà sílẹ̀ fún wọn. Kò gba owó kún owó tí ẹ ń san. Bí ẹ bá ń lọ san ti oṣù tó ń bọ̀, ẹ bi í bóyá yóò lọ.