Kí Ni Ọmọ Kéwú Fẹ́ Fi Físíìsì Ṣe?

Àwọn òbí kan máa ń bi wá bẹ́ẹ̀. Èsì wa nìyí. Lórí òkè Paranal ní ilẹ̀ Chile, awò ńlá mẹ́rin wà tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀. Díńgí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mítà 8.2. Àwọn kámẹ́rà kan wà lára wọn tó ń ya ìmọ́lẹ̀ ooru tí ojú kò lè rí. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà náà ń tan irú ìmọ́lẹ̀ yìí fúnra rẹ̀, bí ara tiwa náà. Àfi kí wọ́n tì í mọ́ inú irin tí kò sí afẹ́fẹ́, kí ó tutù ju yìnyín lọ fíìfíì, kí ooru rẹ̀ má baà bo ti ìràwọ̀. Subhānallāh! Èdè Lárúbáwá ni Ibn al-Haytham fi kọ Kitāb al-Manāẓir lórí ìmọ́lẹ̀, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ọmọ tó ń kọ́ èdè yẹn, kí ló dé tí a ó fi gba ìwé físíìsì lọ́wọ́ rẹ̀?