Ta Ni Ó Ni Ẹgbẹ́?

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2014, àwọn olùdìbò ẹgbẹ́ Republican ní apá kan ìpínlẹ̀ Virginia, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe ohun tí ó ya àwọn àgbà òṣèlú lẹ́nu. Eric Cantor ni olórí àwọn aṣòfin tí ẹgbẹ́ wọn pọ̀ jù ní Ilé Aṣojú-ṣòfin, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń wò ó bí ẹni tí yóò di Olórí Ilé náà lọ́jọ́ iwájú. Nínú ìdìbò abẹ́lé, èyí tí a fi ń yan ẹni tí yóò dúró fún ẹgbẹ́, àwọn ènìyàn tirẹ̀ gan-an ni ó yọ ọ́. Dave Brat, olùkọ́ ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ní kọ́lẹ́jì kan, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Láti ọdún 1899 tí a ti dá ipò Cantor sílẹ̀, irú èyí kò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó wà níbẹ̀ rí. Owó tí ó ná fi ìlọ́po-ìlọ́po ju ti alátakò rẹ̀ lọ. Owó kò gbà á.

Kí ni ó bí wọn nínú tó bẹ́ẹ̀? Àwọn tí a ń wí yìí ni àwọn tí ó di ìlànà àtijọ́ ẹgbẹ́ mú ṣinṣin: àgbẹ̀, onísọ́ọ̀bù kékeré àti ọmọ ìjọ pọ̀ nínú wọn. Wọ́n fẹ́ kí agbára ìjọba mọ níwọ̀n, kí owó-orí fúyẹ́, kí òfin má sì tako ìgbàgbọ́ wọn. Àwọn ni ń rìn láti ilé dé ilé nígbà ìpolongo ìbò. Ẹ̀sùn wọn ni pé bí àkókò yíyan olùdíje bá dé, àwọn àgbà ẹgbẹ́ a máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù, kí wọ́n gba oníwọ̀ntúnwọ̀nsì, nítorí òun ni àwọn tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ lè dìbò fún. Wọ́n a sì ní sùúrù. Ní 1976, Gerald Ford fi ìbò 1,187 borí Ronald Reagan tí ó ní 1,070 ní àpérò ẹgbẹ́ ní Kansas City, ó sì ṣubú níwájú Jimmy Carter. John McCain ní 2008 àti Mitt Romney ní 2012 ṣubú níwájú Barack Obama. Bẹ́ẹ̀ Romney yìí ni ó fọwọ́ sí òfin ìlera kan ní Massachusetts ní 2006, tí ó jọ òfin Obama tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá jà bí ìbejì.

Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ mọ gbòǹgbò ìbínú náà, ọ̀rọ̀ George Bush àgbà ni kí a yẹ̀ wò. Ní àpérò ẹgbẹ́ ní New Orleans ní 1988, ó ní kí gbogbo ayé máa wo ẹnu òun, pé òun kò ní í gbé owó-orí tuntun kalẹ̀. Wọ́n gbà á gbọ́, ó sì wọlé. Ní 1990, ó bá àwọn Democrat, tí wọ́n pọ̀ jù ní Ilé méjèèjì, ṣe àdéhùn, owó-orí sì gòkè. Kí a má purọ́ mọ́ ọn: gbèsè ìjọba ti wúwo, kò sì lè dá òfin ṣe. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó dìbò fún un mọ èyí. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé, bí ó bá mọ̀ pé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lè dé, èéṣe tí ó fi búra? Lójú wọn, ó di ẹni tí a ní kí ó fẹ́ ni lójú tí ó lọ fi ata sẹ́nu. Ní 1992, Pat Buchanan dìde sí i láti inú ẹgbẹ́, ó sì gba bí ìbò 37 nínú ọgọ́rùn-ún ní New Hampshire. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, Bill Clinton lé Bush kúrò lórí àga.

Ẹ fi èyí wé Eisenhower, tí a yàn ní 1952 nígbà tí àwọn adìlànà-mú ń fẹ́ Robert Taft. Òun kò ṣèlérí rí pé òun yóò wó owó ìfẹ̀yìntì tí Roosevelt dá sílẹ̀ fún àwọn arúgbó. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó fẹ̀ ẹ́ sí i ní 1954. Àwọn ènìyàn Taft kùn, ṣùgbọ́n ta ni lè sọ pé ó tan òun jẹ? Ní tiwa, ibí ni ìyàtọ̀ wà. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kí ènìyàn fi ohùn akọni gba ìbò, kí ó wá fi ohùn mìíràn ṣèjọba, òun ni ẹ̀ṣẹ̀.

Àwọn tí ń bínú pàápàá kì í sábà ya èkínní kúrò lára èkejì, ó sì ti ná wọn ní ohun púpọ̀. Richard Lugar ti Indiana lo ọdún 36 ní Ilé Aṣòfin Àgbà. Oko ìdílé rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti ṣe alága ìgbìmọ̀ ọ̀ràn àgbẹ̀ níbẹ̀. Òun àti Sam Nunn, tí í ṣe Democrat, ni ó gbé òfin 1991 kalẹ̀ tí a fi ba ọ̀pọ̀ ohun ìjà átọ́míìkì ilẹ̀ Soviet jẹ́. Ní 2012, Richard Mourdock lé e nínú ìdìbò abẹ́lé. Wọ́n ní ó ti sún mọ́ Obama jù; wọ́n tún ní ó ti ta ilé rẹ̀ ní Indiana láti 1977. (Ẹ̀sùn kejì yìí wúwo lójú wa ju èkínní lọ: aṣojú tí kò bá àwọn tí ó rán an gbé, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé òjò kò rọ̀?) Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, lẹ́yìn tí ẹnu Mourdock ti kó bá a lórí ọ̀ràn oyún, Joe Donnelly ti ẹgbẹ́ Democrat gba ipò náà. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Delaware ní 2010, nígbà tí wọ́n kọ Mike Castle tí wọ́n mú Christine O'Donnell. Brat gan-an, ní 2018 ni Abigail Spanberger ti ẹgbẹ́ Democrat gba ìjókòó rẹ̀.

Irú ìṣubú bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà fi ń pa ọmọ ẹgbẹ́ lẹ́nu mọ́, 1964 ni wọ́n sì sábà máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Ní ọdún náà, Barry Goldwater, àyànfẹ́ àwọn adìlànà-mú, rí ìpínlẹ̀ 6 péré mú nínú 50. Àwa adúláwọ̀ kò lè fojú fo ibi tí márùn-ún nínú wọn wà: ìhà gúúsù, níbi tí wọ́n ti ń dí àwọn ènìyàn wa lọ́wọ́ àtidìbò. Goldwater sì ti dìbò tako Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ Ìlú ti ọdún yẹn. A lè di ìlànà búburú mú ṣinṣin pẹ̀lú. Síbẹ̀ àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kò túká. Wọ́n dúró nínú ẹgbẹ́, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò wọn, títí Reagan fi wọlé ní 1980. Nítorí náà a kò gbà pé oníwọ̀ntúnwọ̀nsì nìkan ni ó lè borí.

Ohun tí a fẹ́ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa kíyèsí jù lọ ni ọ̀nà tí ìbínú náà gbà jáde. Àpótí ìbò ni wọ́n fi lé Cantor. Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ó gbà pé òun ti ṣubú. Àwa náà ti rí ìjà nínú ẹgbẹ́. Ní 1962, nígbà tí ọ̀nà Olóyè Awólọ́wọ̀ àti ti Olóyè Akíntọ́lá pínyà nínú Action Group, ìwé tí àwọn aṣòfin fọwọ́ sí ni a fi yọ Akíntọ́lá nípò. Kò sí àpótí tí a gbé síwájú àgbẹ̀ tí ó wà ní abúlé. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún, àga fò nínú Ilé Ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 29, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì. A kò sọ pé ìdìbò àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ìbá ti dènà gbogbo rẹ̀, nítorí ọwọ́ àwọn mìíràn wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, nígbà tí olùdíje bá wá bẹ̀ yín, ẹ bi í léèrè níwájú gbogbo ìpàdé: nínú ìlànà ẹgbẹ́, èwo ni kò ní í yẹ̀ láéláé, èwo ni ó lè fi dúnàádúrà bí ọ̀nà bá há? Bí ó bá ní òun kò lè ṣe ìlérí kan, ẹ má tìtorí ìyẹn kórìíra rẹ̀. Ẹ fi wọ̀n ọ́n mọ́ ti àwọn yòókù. Kí akọ̀wé wọ́ọ̀dù kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ lójú rẹ̀, kí a sì kà á sí i létí nígbà tí ó bá padà wá tọrọ ìbò ní ọdún kẹrin.