Ìkòkò Tiwa Ńkọ́?

Nígbà ìsinmi, mo fi àwòrán ìkòkò Gíríìkì kan han ọ̀rẹ́ mi ní ilé wa ní Alajue, ní Ẹdẹ. Exekias ni ó kùn ún, ó ti lé ní 2,500 ọdún: Akílísì àti Ájáàsì jókòó, wọ́n ń ta ayò tiwọn, ọ̀kọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rẹ́ mi mí kanlẹ̀, ó ní, “Ìkòkò ọbẹ̀ nìkan ni tiwa.”

Ẹ gbà mí o! Odò Erinlẹ̀ tí kò jìnnà sí wa yìí, ta ni kò gbọ́ pé ọdẹ ni kí ó tó di odò? Omi àti òkúta odò tí ó wà nínú àwo ọta Erinlẹ̀, ìtàn náà gan-an ni. Ọmọrí rẹ̀ rí bí adé. Robert Farris Thompson kọ̀wé ní 1969 nípa Àbátàn, ìyá amọ̀kòkò Òkè-Odàn, tí ń mọ irú rẹ̀. Ìkòkò tí Peter Garlake hú ní ilẹ̀ Ọbalárá ní Ifẹ̀ ńkọ́, tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1974? Ojúbọ ni ó wà lára rẹ̀, pẹ̀lú orí mẹ́ta: ọ̀kan bí ti ènìyàn gan-an, méjì rí ṣóńṣó.

Wọn yóò ní Exekias kọ orúkọ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn akọni rẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹnu àgbà ni tiwa wà. Àwa tí a há ìtàn Akílísì sórí nítorí ìdánwò, ta ni nínú wa tí ó ti bi ìyá olórìṣà kan léèrè rí? Èmi pàápàá kò tíì bi. Mo ń lọ sí Ìlobùú ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Kí ọ̀rẹ́ mi múra.