Ìṣẹ́gun Tí A Fowó Rà Kì Í Ṣe Ìtàn

Àwọn àgbà sábà máa ń sọ pé géèmù orí fóònù kò ju ìfàkókòṣòfò lọ. Àwọn ẹgbẹ́ mi náà ní tiwọn: wọ́n ní ìjà ni kókó géèmù, pé ìtàn inú rẹ̀ kò wúlò, kí èèyàn tètè fò ó kọjá. N kò fara mọ́ ìkankan nínú wọn. Èrò tèmi ni pé ìpèníjà àti ìtàn kò ṣe é yà, àti pé ẹni tó bá ń gba owó kí ó lè mú ìpèníjà kúrò lọ́nà ti ba géèmù náà jẹ́ pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Kí ló dé tí Yorùbá fi pe àlọ́ àpamọ̀ àti àlọ́ àpagbè ní àlọ́? Èkíní, ìbéèrè tó díjú ni. Èkejì, ìtàn olórin ni. Bí wọ́n bá ń pàlọ́ lálẹ́, àpamọ̀ ló máa ń ṣáájú. Àwọn ọmọ á kọ́kọ́ ronú títí, kí ọpọlọ wọn lè jí, kí ìtàn Ìjàpá tó dé. Nínú ìtàn náà pàápàá, ọmọ kì í jókòó lásán bí ẹni tó ń wo fíìmù. Òun ló ń gbe orin. Àwọn tó ṣètò eré yìí kò mọ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ ohun tí àwọn tó ń ṣe géèmù lóde òní ṣì ń wá kiri.

N kò sọ pé gbogbo géèmù gbọ́dọ̀ ní ìtàn gígùn. Lẹ́yìn tí GSM dé Nàìjíríà ní 2001, ejò inú Nokia kò kúrò lọ́wọ́ àwọn òbí wa. (Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe bí ẹni tó ti gbàgbé!) Ejò yẹn kò ní ìtàn kankan: ó ń jẹ, ó ń gùn, ó sì ń kú. Síbẹ̀ ó dùn. Ayò ọlọ́pọ́n náà, ihò 12, ọmọ ayò 48, kò sí ọba tàbí ọ̀tá nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó ti àwọn tó ń ta á. Ẹni tó ń pa ni ọ̀ta, ẹni tí wọ́n ń pa ni òpè, ẹnu kò sì ní í dákẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Níbi tí ìpèníjà bá wà, èèyàn fúnra rẹ̀ á dá ìtàn sílẹ̀.

Bí géèmù bá wá ní ìtàn tirẹ̀, inú ìtàn náà ló yẹ kí ìpèníjà ti jáde. Àpẹẹrẹ tó dára jù tí mo mọ̀ wá láti Kamẹrúùnù. Ní 2016, ilé-iṣẹ́ Kiro'o Games ní Yaoundé gbé Aurion: Legacy of the Kori-Odan jáde. Ọmọ ọba kan tó ń jẹ́ Enzo ni à ń bá rìn. Lọ́jọ́ tó yẹ kó gorí oyè ni arákùnrin ìyàwó rẹ̀ dìtẹ̀ gba ìjọba, ni òun àti Erine aya rẹ̀ bá di ará ìrìn-àjò. Agbára tí Enzo fi ń jà, Aurion, ogún àwọn baba ńlá rẹ̀ ni. Bí ìjà ṣe ń le sí i, bẹ́ẹ̀ ni Enzo ń mọ ogún yẹn sí i. Ẹ yọ ìjà kúrò, ìtàn bá a lọ nìyẹn.

Nílé níbí, Maliyo Games ní Èkó ṣe Disney Iwájú: Rising Chef ní 2024, níbi tí a ti ń se oúnjẹ wa fún oníbàárà kí àkókò tó tán. Inú mi dùn pé oúnjẹ wa wọ inú géèmù. Síbẹ̀, bí wọ́n bá fi pizza rọ́pò rẹ̀, ohun tí ọwọ́ ẹni tó ń gbá a ń ṣe kò ní yí padà. Aṣọ ni ìtàn níbẹ̀, kì í ṣe ara.

Ṣùgbọ́n àwọn tí mo ń bá jà gan-an ni àwọn tó ń ta ọ̀nà àbùjá. Nínú Candy Crush, ẹ̀mí 5 ni èèyàn ní. Bí wọ́n bá tán, yóò dúró ìṣẹ́jú 30 kí ọ̀kan tó padà, tàbí kó sanwó. Èyí kì í ṣe ìpèníjà, ibodè agbowó ni. Ní Ẹ̀júkù níbí, owó data tó ń dé ọwọ́ ọmọ ilé-ìwé kò tó nǹkan. N kò rí ìdí tí yóò fi fi í ra ìṣẹ́gun. Ẹ̀yin olùkọ́ wa mọ irú òwò yìí dáadáa. Mírákù sẹ́ńtà ni wọ́n ń pè é lásìkò WAEC: ẹni tó sanwó á gba èsì, kò sì ní lè sọ ohun tó kọ́.

Àwọn kan á ní ọwọ́ gbogbo èèyàn kò yá bákan náà. Òótọ́ ni. Kí géèmù jẹ́ kí ọ̀tá rọ̀ díẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ, lọ́fẹ̀ẹ́. Kí a dín ẹrù ẹnìkan kù yàtọ̀ sí kí a gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó má gbé ẹrù rárá.

Ẹ wo Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938. Àkàrà-ògùn pàdé Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún, ó sì bá a jà. Ká ní ó rí ibi tó ti lè san igba náírà kí ó sì kọjá, kí ni à bá máa kà? Igbó yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣe géèmù ní Èkó ṣe fún wa, kí ó lè ṣiṣẹ́ lórí fóònù kékeré láìlo data, kí Àgbákò dúró sójú ọ̀nà, kí ó sì má sí náírà kan tó lè lé e kúrò níbẹ̀.