Aràn Ajá Tí Kì Í Tán: Oògùn Nìkan Kò Tó

Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ajá tó ń láràn lemọ́lemọ́ rí. Olówó rẹ̀ ra oògùn lónìí, ajá lò ó, aràn ya dànù bí òwú, gbogbo ilé sì mí kanlẹ̀. Kò pé oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ikùn ajá tún ti wú, irun rẹ̀ ti ṣá, egungun ìhà rẹ̀ sì ti yọ síta. Ni olówó ajá bá ń bú ẹni tó ta oògùn fún un pé ayédèrú ló tà. Òótọ́ ni pé ayédèrú oògùn wà lọ́jà, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, oògùn ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ilé tí ajá ń gbé ni kò yí padà.

Níbo wá ni aràn ń gbà padà wọlé? Inú ilẹ̀ ni ẹ ti kọ́kọ́ wò ó. Abo aràn gbọọrọ kan ṣoṣo, èyí tó rí bí okùn funfun, lè yé ẹyin tó 200,000 lójúmọ́ kan nínú ìfun ajá. Ìgbẹ́ ni ẹyin náà ń bá jáde. Bí òjò bá gbá ìgbẹ́ lọ, ẹyin rẹ̀ kì í bá a lọ tán. Ó lè wà nínú iyẹ̀pẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, oògùn apakòkòrò tí a fi ń fọ ilé kì í sì í sábà ràn án. Ṣùgbọ́n ẹyin tuntun kò lè ran ẹnikẹ́ni lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kó tó gbó. Ìdí nìyí tí kíkó ìgbẹ́ ajá lójoojúmọ́ fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀.

Lára ìyá ajá ni ọ̀nà kejì wà. Aràn inú ìfun ni oògùn tí a sábà ń lò ń pa. Àwọn ọmọ aràn tó sùn sínú iṣan ara kì í gbọ́ ọ. Bí ajá bá lóyún, wọ́n á jí, wọ́n á sì gba inú ìyá wọ inú ọmọ, òmíràn á tún gba inú ọmú. Nítorí náà, láti ọ̀sẹ̀ 2 ni ọmọ ajá ti ń lo oògùn, lọ́sẹ̀ méjì-méjì títí di ọ̀sẹ̀ 8, lẹ́yìn náà lóṣooṣù títí yóò fi pé oṣù 6. Ìyá wọn gbọ́dọ̀ lò ó pẹ̀lú wọn. Lẹ́yìn èyí, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ló tọ́.

Bí ẹ bá rí ohun tó dà bí hóró ìrẹsì nídìí ajá, aràn pẹlẹbẹ nìyẹn. Àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń fò nínú irun rẹ̀ ló gbé e wá: ajá ń fi eyín họ ara, ó sì gbé kòkòrò mì. Ẹni tó bá pa aràn tí kò pa kòkòrò ara ajá, omi ló ń dà sínú apẹ̀rẹ̀. Oògùn rẹ̀ pàápàá yàtọ̀: pyrantel ń pa aràn gbọọrọ, kò ran aràn pẹlẹbẹ, praziquantel ni ti ìyẹn.

Aràn kékeré tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ló burú jù fún ọmọ ajá. Láti inú ilẹ̀ tútù ni ọmọ rẹ̀ ti ń gba awọ ara wọlé. Bí èrìgì ajá bá ti funfun, ẹ má ṣe dúró dọ̀la. Ibi gbígbẹ tí oòrùn ń dé ni kí ilé rẹ̀ wà.

Kì í ṣe ajá nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọmọdé tó ń fi iyẹ̀pẹ̀ ṣeré lè gbé ẹyin aràn gbọọrọ mì. Kò ní dàgbà nínú ìfun ọmọ náà, ṣùgbọ́n ọmọ aràn lè rìn dé ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró tàbí ojú, ó sì lè ba ojú jẹ́. Ti amùjẹ̀ náà lè gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé, kí ara máa yún ni. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wọ bàtà, kó sì fọwọ́ kó tó jẹun.

Ẹ má ṣe fojú díwọ̀n oògùn, ẹ má sì fún ajá ní ti màlúù. Ẹ bu ìgbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, kó wò ó, kó sì wọn ajá náà kó tó yan oògùn. Ilé ìwòsàn ẹran wà ní yunifásítì Ìbàdàn, Ìlọrin, Abẹ́òkúta, Zaria àti Nsukka. Ṣùgbọ́n dókítà kò lè bá yín gbálẹ̀, ajá kò sì mọ ṣọ́bìrì í dì mú. Ọwọ́ olówó ajá ni iṣẹ́ yòókù wà.