Obì Ìsàlẹ̀ Agbọ̀n

Ẹnu ìyá kan tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní Ìkẹ́nnẹ́ ni mo ti gba ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Mo lọ ra ẹ̀wà kóńgò méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọ̀n ọ́n fún mi tán, ó wá sún mọ́ mi bí ẹni tó fẹ́ yá owó, ó ní:

"Bàbá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n ní kí oníkálukú mú ọkàn kan wá fún Kristi kí ọdún tó parí. Ìdajì àwọn oníbàárà mi ni Mùsùlùmí. Bí mo bá la ẹnu, wọn á kọjá sí ìsọ̀ kejì. Bí mi ò bá sì la ẹnu, ọkàn mi kò ní jẹ́ kí n sinmi. Kí ni kí n ṣe?"

Mi ò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ rò ó. Kì í ṣe pé mi ò ní ìdáhùn o. Ìdáhùn tí mo ní ló ń tì mí lójú, mo sì fẹ́ kọ́kọ́ pinnu bóyá mo lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ní báyìí mo ti pinnu, gbogbo yín ni màá sọ ọ́ fún.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín yí ká Ìkẹ́nnẹ́ díẹ̀, nítorí ìlú náà gan-an ní ẹ̀kọ́ nínú lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ mọ̀ pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kò gba oníwàásù láàyè. Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọn ní 1892, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, ni ọ̀nà là fún wọn. Àwọn tó kọ́kọ́ gbà kò tó nǹkan. Dáfídì Ṣópólù, bàbá Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, wà lára wọn ní Ìkẹ́nnẹ́. Awólọ́wọ̀ sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ yìí nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tó jáde ní 1960. Nígbà tó yá ni ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé wá di tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Bí o bá fẹ́ kí ọmọ rẹ mọ̀wé, wọ́n á ṣe ìrìbọmi fún un, wọ́n á sọ ọ́ ní Jósẹ́fù tàbí Sámúẹ́lì. Mo mọ Jósẹ́fù púpọ̀ tó jẹ́ pé inú rẹ́jísítà nìkan ni wọ́n ti jẹ́ Jósẹ́fù.

Ìkẹ́nnẹ́ yìí kan náà ló bí Táí Ṣólàrín ní 1922. Ẹ̀yin tó dàgbà bí èmi, ẹ rántí ọkùnrin náà, oníṣòkòtò péńpé, onífìlà. Ó di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Mọlúsì ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní 1952. Nígbà tó ní òun kò fẹ́ àdúrà àti orin ìsìn nínú ilé ẹ̀kọ́ náà mọ́, ọ̀rọ̀ di ariwo, ó sì kúrò níbẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1956, òun àti Sheila aya rẹ̀ dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Ẹ̀kọ́ Bíbélì kò sí níbẹ̀, ti Kùránì kò sí. Ìwé ni, oko ni, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni orúkọ tó sọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Mayflower ni ọkọ̀ ojú omi tó gbé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan lọ sí Amẹ́ríkà ní 1620, àwọn tó fẹ́ ibi tí wọ́n ti lè sin Ọlọ́run bí ọkàn wọn ṣe fẹ́. Ẹni tí kò gbà pé Ọlọ́run wà ló fi orúkọ ọkọ̀ àwọn olùjọ́sìn pe ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀!

Mo gbà pé Ṣólàrín ṣìnà nípa Ọlọ́run. Mo sọ ọ́ nígbà tó wà láàyè, ó ti kú láti 1994, mo ṣì ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí àwọn Kristẹni àti àwọn Mùsùlùmí ń kó ọmọ wọn lọ fún un? Wọ́n mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ìjọba ológun tì í mọ́lé ní 1984 nítorí pé kò pa ẹnu mọ́. Nígbà tí ìjọba ológun mìíràn sì dá báńkì kan sílẹ̀ ní 1989 láti máa yá àwọn ọlọ́jà kéékèèké tí kò ní ilé tàbí ilẹ̀ tí wọn yóò fi dúró lówó, òun ni wọ́n wá fi ṣe alága rẹ̀. Ọkùnrin tí kì í búra lórúkọ Ọlọ́run kankan ni wọ́n wá gbé owó àwọn tálákà lé lọ́wọ́, ní ilẹ̀ tí gbogbo wa ti ń búra láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òrùlé rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó kàwé ní Mayflower, tó sì tún ṣe tíṣà níbẹ̀, Fọlọ́runṣọ́ Kúmúyì. Ní 1964, ní Ìkẹ́nnẹ́ níbẹ̀, ló fi ayé rẹ̀ fún Kristi. Ó lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn, ó gba oyè ìmọ̀ ìṣirò ní ipò kìn-ín-ní ní 1967, ó sì padà wá kọ́ àwọn ọmọ Mayflower ní ìṣirò. Ní 1973, nígbà tó wà ní Yunifásítì Èkó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 15 péjọ sí ilé rẹ̀ láti kọ́ Bíbélì. Láti ibẹ̀ ni ìjọ Deeper Life ti bẹ̀rẹ̀, tó sì ti tàn dé ilẹ̀ òkèèrè. Mi ò sí nínú ìjọ náà, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ wọn ni mo fara mọ́. Ibi tí ìgbàgbọ́ náà ti hù ni mo fẹ́ kí ẹ wò.

Ní Mayflower, kò sí ohun tí èèyàn lè rí jẹ nínú pé ó jẹ́ Kristẹni. Kò sí máàkì nínú rẹ̀, kò sí ìgbéga nínú rẹ̀. Bí tíṣà kan bá ní òun gbàgbọ́ lábẹ́ ọ̀gá tí kò gbàgbọ́, tó sì ń wò bóyá o tètè dé iṣẹ́ àti bóyá o máàkì ìwé àwọn ọmọ tán, ìgbàgbọ́ náà ní láti jẹ́ òdodo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò fọ́ bí ìkòkò àmọ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ tí èmi lọ ní tèmi, pàṣán ni fún ẹni tó bá pẹ́ dé àdúrà òwúrọ̀. Mo mọ orin lórí, mo mọ ìgbà tí a ń kúnlẹ̀ àti ìgbà tí a ń dìde. Bí mo ṣe di oníwàásù nìyẹn.

Tíṣà ni mí ní Ṣàgámù ní 1979. Owó oṣù kò tó nǹkan, mo wá ń fi òwò obì gbànja kún un. Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ kò nílò àlàyé: obì wa ló ń bá ọkọ̀ lọ sókè Ọya, àwọn Hausa tó wà ní Sábó Ṣàgámù ló sì ń rà á. Alájì kan wà níbẹ̀ tó máa ń ra tèmi. Ní ìdájí Sátidé, èmi àti agogo mi á máa ká àdúgbò kiri, "Ẹ ronú pìwà dà!" Mi ò yọ Sábó sílẹ̀ o. Tó bá di ọ̀sán, màá kó obì lọ fún Alájì tí mo jí lójú oorun láàárọ̀.

Lọ́dún kan, obì wọ́n, kòkòrò sì bá tèmi jà. Ilé ìwé fẹ́ wọlé, owó ìwé àwọn ọmọ mi kò sí nílẹ̀. Mo to èyí tí kòkòrò ti lu sí ìsàlẹ̀ agbọ̀n, mo fi ewé lé e, mo wá to àwọn tó dán, tó gbó dáadáa sókè. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ mọ bí ẹ̀ẹ̀kan péré ṣe máa ń rí. Ó di ọdún méjì. Alájì kò bá mi jà. Ó kàn ń dín owó mi kù díẹ̀díẹ̀ ni, èmi náà sì ń bínú nínú mi pé Hausa yìí fẹ́ rẹ́ mi jẹ!

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó tì í lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀, mo ní, "Alájì, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ Jésù fún yín." Kò bínú. Ó dìde, ó ní kí n wọlé. Agbọ̀n obì bíi mẹ́fà ló wà nílẹ̀. Ó nàka sí tèmi, wọ́n ti da ìsàlẹ̀ rẹ̀ sórí àpò.

Ó ní, "Tíṣà, obì tìrẹ, láti ìsàlẹ̀ ni mo ti ń kà á. Ti ọkùnrin yẹn," ó dárúkọ oníṣòwò kan tí gbogbo wa mọ̀ pé kò mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, tó jẹ́ pé ìdí ẹmu ni ilé rẹ̀, "mi ò tú u wò rí. Ó yá, sọ ọ̀rọ̀ Jésù rẹ. Mo ń gbọ́."

Ẹnu mi gbẹ. Mo délé, mi ò lè jẹun. Mo jẹ́wọ́ fún ìyàwó mi. Ó wò mí, ó ní, "Ṣebí ojú mi ni ẹ ṣe ń tò ó. Mo rò pé ẹ ti gbàdúrà lé e lórí ni."

Sákéù tó jẹ́ agbowó òde san ìlọ́po mẹ́rin. Apá tèmi kò ká ìlọ́po kan. Mo ta alùpùpù tí mo fi ń lọ sí ilé ìwé, mo kó owó náà lọ fún Alájì. Ó kà á, ó mú ìdajì, ó dá ìdajì padà fún mi. Ó ní òun náà ti ń dín owó mi láìsọ ìdí rẹ̀, èyí kò sì mọ́ pẹ̀lú, kí a jọ pa á rẹ́.

Ti ìjọ ló le jù. Mo fẹ́ sọ ọ́ ní ọjọ́ ìjẹ́rìí. Àgbà kan pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní kí n kàn sọ pé Ọlọ́run gbà mí lọ́wọ́ gbèsè, kí n fi ti obì sílẹ̀, kí àwọn ará ìta má baà fi wá ṣẹ̀sín. Mo ro ọ̀rọ̀ náà títí. Àwọn ará ìta ti mọ̀ tipẹ́! Àwa tó wà nínú ilé ló kù tí a kò mọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n gba agogo lọ́wọ́ mi fún oṣù mẹ́fà, ẹsẹ̀ ni mo sì fi ń rìn lọ sí ilé ìwé fún ohun tó lé ní ọdún kan.

Mo mọ̀ pé ẹ ń retí kí n sọ pé Alájì di Kristẹni. Rárá o. Mùsùlùmí ló kú, bí Mùsùlùmí ni àwọn ọmọ rẹ̀ sì ṣe sin ín. Mo ti gbọ́ irú ìtàn báyìí rí tí wọ́n fi òpin dídùn lẹ̀ mọ́ nídìí. Obì ìsàlẹ̀ agbọ̀n nìyẹn náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń bi mí nípa Jésù. Mo ń dá a lóhùn láìfi bọpo bọyọ̀, èyí tí mi ò mọ̀, mo ń sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n. Òun náà sọ ìgbàgbọ́ tirẹ̀ fún mi. A kò bú ara wa. Ohun tí Ọlọ́run fi èyí ṣe nínú ọkàn rẹ̀, wọn kò fi èmi ṣe akọ̀wé rẹ̀.

Nítorí náà, ìyá oníkóńgò, ẹ jẹ́ kí àwọn oníbàárà yín mọ ẹni tí ẹ jẹ́. Ní Rẹ́mọ níbí, inú agbo ilé kan náà la ti ń jẹ ẹran Iléyá àti ìrẹsì Kérésìmesì. Kò sí ẹni tí yóò sá nítorí pé ẹ ní Jésù ni Olúwa yín. Ẹ sọ ọ́, ẹ má gbọ̀n. Èyí tí mi ò fẹ́ ni kí ẹ pe ẹni tó jẹ yín ní gbèsè sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò lè sọ fún yín pé òun kò wá. Ẹ jẹ́ kó san owó ìrẹsì tán ná. Ti ọkàn kan tí wọ́n ní kí ẹ mú wá, ẹ gbàgbé ìwé àkọsílẹ̀. Èèyàn kì í ṣe àpò gàrí tí à ń kà wọlé.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ má rẹ́rìn-ín ọlọ́jà. Ọmọ tí máàkì rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, gbèsè yín ló wà lọ́rùn rẹ̀ yẹn. Mo sì ti rí tíṣà tó ṣáájú àdúrà ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò, tí kò sì tíì pé wákàtí kan tó ti ń kọ ìdáhùn sí pátákó fún àwọn ọmọ. Irú wàásù wo ni àwọn ọmọ yẹn gbọ́ lọ́jọ́ náà?

Mo padà lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá náà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo sọ ìtàn obì fún un. Ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó gbé kóńgò rẹ̀, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì fi àtàǹpàkò ra ìdí rẹ̀, ibi tí wọ́n ti fi òòlù tẹ̀ ẹ́ wọnú.

Ó ní, "Bàbá Tíṣà, bí mo ṣe rà á nìyí."

Mo ní mo gbà.

"Gbogbo wa ní ọ̀wọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ni tiwa rí. Bí mo bá fi èyí tó pé wọ̀n, mo ní láti fi owó lé e. Wọ́n á ní mo ti gbówó lórí."

Ìbéèrè rẹ̀ gan-an nìyí, ọ̀rọ̀ Mùsùlùmí kọ́. Mi ò sì ní ìdáhùn tó rọrùn fún un. A jókòó, a fi pẹ́ńsù ṣírò èrè orí àpò ìrẹsì kan bí ó bá fi kóńgò tó pé wọ̀n ọ́n láìfi owó lé e. Ohun tó kù fún un kò pọ̀. Ó ní òun yóò gbìyànjú rẹ̀ fún oṣù kan, bí kò bá ṣeé ṣe, òun yóò fi owó lé e, òun yóò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tó bá bi òun.

Mo ti dìde tí mo fẹ́ máa lọ nígbà tó pè mí padà. "Ẹ̀wà tí ẹ rà lọ́jọ́sí ńkọ́?" Ó ti bu ẹ̀wà sínú ọ̀rá, ó sì nà án sí mi.