Ẹ Wá Omi Kí Ẹ Tó Tẹ Ìlú Dó

Nínú Civilization VI, eré orí kọ̀ǹpútà tó jáde lọ́dún 2016, oníkálukú ń dúró de àsìkò tirẹ̀ bíi ti ayò. Ibi téèyàn bá tẹ ìlú dó sí ló sábà máa ń sọ bóyá yóò borí.

Omi kò lọ́tàá. Ìlú etí odò máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àyè ilé 5, ti etí òkun ní 3, èyí tí kò lómi nítòsí ní 2 péré. Bí ilé kò bá tó, aráàlú kì í tètè pọ̀ sí i.

Lẹ́yìn omi, ó kan aládùúgbò. Láti ìgbà tí àfikún Rise and Fall ti jáde lọ́dún 2018, ìlú tó jìnnà sí tẹni, tó sì sún mọ́ ti ẹlòmíràn, lè ṣọ̀tẹ̀, kó sì bọ́ mọ́ni lọ́wọ́.

Àmọ́ ilẹ̀ kan kì í burú fún gbogbo èèyàn. Aṣálẹ̀ lásán kì í mú oúnjẹ wá, síbẹ̀ Mali ti Mansa Musa, tí wọ́n fi kún eré náà lọ́dún 2019, máa ń rí oúnjẹ kún oúnjẹ tí ìlú rẹ̀ bá wà létí aṣálẹ̀.

Ẹnì kan ló ń dín nínú ìlú àtijọ́ nígbàkigbà tí wọ́n bá rán àwọn atẹ̀lúdó jáde, ìlú tí wọ́n bá sì ti tẹ̀ dó kò ṣeé gbé kúrò níbẹ̀ mọ́. Nítorí náà, kí ọmọ tó tẹ bọ́tìnnì, kí òbí bi í pé: omi dà? Ta ni aládùúgbò rẹ?